Èjìká Tó Ń Dùn Yín: Ẹ Má Tíì Sáré Lọ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ

Nọ́ọ̀sì yín ni o.

Tí ẹ kò bá lè wé gèlè tán láìsọ ọwọ́ kalẹ̀ sinmi, tí ẹ kò lè na ọwọ́ sẹ́yìn pọn ọmọ, tí ẹ kò sì lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn lóru, ó ṣeé ṣe kí iṣan tó so ẹran èjìká mọ́ egungun ti ya. Ẹ má fòyà. Bí ìró tí a ti ń ró tipẹ́ ṣe ń gbó ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní 60 ọdún ló ní irú rẹ̀ tí kò dùn wọ́n rárá. Nítorí náà, kí àwòrán ọsibítù sọ pé "ó ti ya" nìkan kò tó ohun tí a ń ta ilẹ̀ sí.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fún eré ìmárale ní oṣù mẹ́ta gbáko. Ní orílẹ̀-èdè Finland, wọ́n fi èjìká 180 dán an wò, ti àwọn tó ti lé ní 55 ọdún, tí iṣan wọn ya láìṣubú. Àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn kan ṣe eré nìkan. Nígbà tí ọdún kan pé, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi. 2014 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Eré náà kò ní rán ibi tó ya o. Àwọn iṣan tó kù ló ń kọ́ láti gbé ẹrù rẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ pàápàá á gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà (ta ni yóò bá a tajà?), á sì tún padà wá ṣe eré yìí kan náà.

Ẹ fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá di tábìlì mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí ọwọ́ kejì máa fì síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ẹ fi ìka gun ògiri bí aláǹtakùn. Tí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ so rọ́bà tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí ìgúnpá lẹ̀ mọ́ ìhà, kí ẹ máa fà á. Ojoojúmọ́ ni. Tí ìrora rẹ̀ bá wà títí di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù. Ẹ jẹ́ kí físíò kọ́kọ́ fi hàn yín.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ká gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn fún oṣù méjì, ká máa fi ìpara gbígbóná pa á. Èjìká tí kò bá rìn á gan, pàápàá ti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà.

Tí ẹ bá ṣubú tí ọwọ́ kò sì gbéra mọ́ lójijì, ìyẹn yàtọ̀: ẹ tètè lọ sí ọsibítù, iṣẹ́ abẹ lè tọ́ síbẹ̀. Tí èjìká bá ń dùn yín tí àyà sì ń fún yín pọ̀, tàbí tí èémí ń ké, ọkàn ni kí ẹ fura sí. Ẹ lọ lójú ẹsẹ̀. Tí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá láìsí àyípadà, ẹ wá bá dókítà egungun sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ nígbà náà.