Ojú Ayé Ẹni Ni Kí Á Ti Gbá Bọ́ọ̀lù Ìrànwọ́

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 2025 ni Peter Rufai, aṣọ́lé àgbà fún Nàìjíríà, fi ayé sílẹ̀ lẹ́yìn àìsàn, ní ẹni ọdún 61. Ọmọ ọba Ìdímù ni, Ìdímù yìí náà tí a ń gbà kọjá bí a bá ń ti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìkòtún. Tàgbà tèwe ni ó dárò rẹ̀. Àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, àwọn oníwèé ìròyìn kọ̀wé, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí ó ń ṣọ́lé náà ń pè é ní Dodo Mayana bí ẹni pé ojú wọn ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo ẹkún rọlẹ̀, ìbéèrè kan kù sí wa lọ́kàn tí kò jẹ́ kí a sinmi. Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé ara ọkùnrin yìí kò yá? Mélòó nínú wa ni ó sì bèèrè?

A kò wí èyí láti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó mọ bí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, kò sì yẹ kí ará ìta ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ìdílé. Ohun tí ó ń dùn wá ni àṣà kan tí ó ti di bárakú láàárín wa. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́ kí wọ́n tó wí pé ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Bí agbábọ́ọ̀lù bá kú tán ni a ń rántí pé ó gbá bọ́ọ̀lù.

Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ Stationery Stores ti Èkó ni Rufai ti gba orúkọ, ó sì ti bá ẹgbẹ́ Dragons de l'Ouémé ti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣọ́lé kí ó tó ré òkun kọjá sí Bẹ́ljíọ̀mù, Họ́láńdì, Potogí àti Sípéènì. Òun ni ó wà lẹ́nu ilé ní Tunis ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin ọdún 1994, nígbà tí Nàìjíríà na Zambia ní 2-1 tí ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà di tiwa lẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ní ìlú Dallas, Bulgaria kò rí bọ́ọ̀lù kan gbá kọjá rẹ̀ ní ọjọ́ tí a nà wọ́n ní 3-0, èyí tí í ṣe ìdíje àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Àgbáyé láti ìgbà tí a ti dáyé. Ní ọdún 1998, lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ oyè Ìdímù délẹ̀. Oyè tí àwọn mìíràn ń tìtorí rẹ̀ pe ọmọ ìyá wọn lẹ́jọ́, Rufai kò du ú. Ẹnu ilé bọ́ọ̀lù ni ó padà sí, ó sì bá wa lọ sí Ife Àgbáyé ní ilẹ̀ Faransé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Bulgaria tí a dárúkọ yẹn, nítorí láti ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan ti wá tí ó yẹ kí a fi ọ̀ràn rẹ̀ kọ́gbọ́n. Stiliyan Petrov ni orúkọ rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Celtic ní Glasgow, ó sì di balógun ẹgbẹ́ Aston Villa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012 ni àwọn dókítà sọ fún un pé àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ní ìgbà náà, bí aago bá ti lu ìṣẹ́jú kọkàndínlógún nínú ìdíje Aston Villa, gbogbo òǹwòran a dìde, wọn a máa pàtẹ́wọ́, nítorí nọ́ńbà 19 ni ó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan nítorí rẹ̀ ní pápá Celtic Park. Nǹkan bí 60,000 ènìyàn ni ó sanwó wọlé. Petrov fúnra rẹ̀ wọ aṣọ bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ náà, owó tí wọ́n pa sì lọ sí iṣẹ́ àánú. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin náà wà láàyè. Etí ara rẹ̀ ni ó fi gbọ́ àtẹ́wọ́ náà.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ní ọdún 2019, Christian Chukwu dùbúlẹ̀ àìsàn. Chukwu yìí ni balógun àwọn tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà fún wa ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta ọdún 1980, nígbà tí a na Algeria ní 3-0. Igbe ni wọ́n fi tọrọ 50,000 dọ́là fún ìwòsàn rẹ̀, kí ọlọ́rọ̀ kan, Femi Otedola, tó dìde pé òun yóò san án. Ó ṣeun, Ọlọ́run yóò san án fún un. Chukwu sì tún lo ọdún mẹ́fà láyé kí ó tó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́rọ̀ náà kò bá gbọ́ ńkọ́? Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Yisa Sofoluwe, ẹni tí àwọn òǹwòran ń pè ní Mínísítà fún Ààbò nítorí bí ó ti ń dènà ilé, ṣàìsàn ní Èkó níbí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ké gbàjarè fún ìrànlọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà ni ó kú, ní ẹni ọdún 53. Igbe kan rí ẹni dá a lóhùn, igbe kejì bá ikú lẹ́nu ọ̀nà. Àwa kò gbà pé irú èyí ni ó yẹ kí a máa pè ní ètò ìtọ́jú fún àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ wọn gbé orúkọ Nàìjíríà ga.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Ṣé kì í ṣe àwọn ni wọ́n gba owó òyìnbó? Kí ni wọ́n fi ṣe?" Ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀ràn Wilfred Agbonavbare, ẹni tí ó jẹ́ igbákejì Rufai lẹ́nu ilé ní Ife Àgbáyé ọdún 1994. Ó ṣọ́lé fún Rayo Vallecano ní Madrid fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ní àrùn jẹjẹrẹ ọmú, ìtọ́jú rẹ̀ sì gbé owó tí ó fi pamọ́ lọ. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ẹrù ni ọkùnrin yìí ń gbé ní pápákọ̀ òfurufú Madrid kí ó lè jẹun. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2015, jẹjẹrẹ pa òun náà. Àwọn ará Vallecas fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà pápá wọn. Nínú ọ̀ràn yìí, kò sí ìwà àpà, kò sí ọtí, kò sí obìnrin ìta. Àìsàn nìkan ni. Àìsàn ńlá kì í bèèrè iye tí ó wà ní báńkì kí ó tó wọlé, bí ó bá sì jáde, kì í fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀.

Àwọn tí ó tilẹ̀ rí òkun kọjá kò pọ̀. Àwọn tí ó pọ̀ ni àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, tí wọ́n gba owó oṣù táṣẹ́rẹ́, tí orúnkún wọn sì bàjẹ́ kí wọ́n tó pé ẹni ogójì ọdún. Irú wọn wà ní ìtòsí wa. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Fèrè ọrùn wọn ni a mọ̀, a kò mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Nítorí náà ni a fi ń sọ pé bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ dára, ó sì yẹ kí ó wọ́pọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́ ju bí ó ti rí lọ. Kò dìgbà tí a bá gba pápá Teslim Balogun. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìgàndò tàbí Ìkòtún tó. Ṣùgbọ́n a ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti bá àwọn tí yóò máa ṣètò rẹ̀ sọ, nítorí a mọ ilé wa, a sì mọ bí a ti ń ba nǹkan rere jẹ́.

Èkíní ni owó. Bí a bá gba àgọ́, tí a gba àwọn onílù, tí a dá aṣọ ẹgbẹ́, tí a se ìrẹsì fún àwọn èèyàn ńlá tí ó jókòó sórí àga, kí ni yóò kù fún aláìsàn? A ti rí òde tí ẹran tí a jẹ níbẹ̀ ju owó tí a dá lọ. Ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí a ka owó lójú gbogbo ènìyàn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹnì kan láti ilé aláìsàn fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Kí a sì san owó náà fún ilé-ìwòsàn tí ó ń tọ́jú rẹ̀, kí ó má ṣe gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá. Àìfọkàntánni ni ó ń pa irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá dá 1,000 náírà lónìí tí kò gbọ́ bí wọ́n ti ná an kò ní dá 100 náírà lọ́la.

Iyì aláìsàn tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò fẹ́ kí ayé rí òun ní ipò tí òun wà, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. A kò gbọdọ̀ ti ẹni tí ó ń sáré bí àgbọ̀nrín ní àná wọ pápá lórí kẹ̀kẹ́ arọ kí àwọn ènìyàn lè máa ya fọ́tò rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ wá, kí ó wá. Bí kò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí ó jókòó sílé rẹ̀ kí ó máa gbọ́ ariwo wa láti òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó léwu jù. Àwọn tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ kì í ṣe ọmọdé. Ẹni ọdún 50 ni, ẹni ọdún 60 ni, ikùn sì ti yọ. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè nígbà tí a ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 péré ni. Ní ọdún 1996, bí kì í bá ṣe pé àwọn dókítà yẹ Nwankwo Kanu wò ní Ítálì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ta ni ìbá mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ní àbùkù? Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó gbádùn, ó sì dá àjọ Kanu Heart Foundation sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti máa tọ́jú àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kò dá. Bí ọkàn ọ̀dọ́ bá lè rí báyìí, kí ni a ó sọ nípa ti bàbá arúgbó? Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo àgbà tí yóò wọ pápá. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ aláìsàn wà nítòsí. Ìtìjú ńlá ni yóò jẹ́ bí a bá lọ gbá bọ́ọ̀lù fún aláìsàn kan tí a sì gbé òkú ẹlòmíràn bọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ara wa. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ kan kò lè ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ènìyàn wà nínú ètò adójútòfò ìlera. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀, Ìlera Èkó, láti ìparí ọdún 2018. 8,500 náírà ni ẹnì kan ń san lọ́dún nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, owó náà sì ti gòkè láti ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí 1,000 ènìyàn bá san 1,000 náírà láti wo bọ́ọ̀lù, mílíọ̀nù kan náírà ni. Kódà bí owó ètò náà bá di ìlọ́po méjì ti ọdún 2018, mílíọ̀nù kan yẹn yóò kájú àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí ó ju 50 lọ fún odidi ọdún kan. A kò sọ pé ètò náà bo gbogbo àìsàn. Ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí a tètè mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, kí ó tó di ohun tí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà dọ́là kò lè wò mọ́.

Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 rí ènìyàn tí ó ju 1,200,000 lọ níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ tilẹ̀ ní wọ́n ju ìyẹn lọ dáadáa. Mẹ́fà ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti ìjọba ìdàgbàsókè tí ó pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́, láti Agbádò títí dé Ìkòtún òun Ìgàndò, alága mẹ́fà ni a sì ń bá wí. Ẹ kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí ó wà ní àdúgbò yín sílẹ̀. Ẹ mọ ẹni tí ó dá ṣáṣá, ẹ mọ ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀. Kí ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún bọ́ọ̀lù ìrànwọ́, kí ẹ má ṣe dúró de ẹni tí yóò ṣàìsàn. Bí ọjọ́ náà bá lè bọ́ sí oṣù Keje, tí a sì gbá a ní Ìdímù, inú wa yóò dùn.

Kí àwọn alága tó jókòó lórí ọ̀ràn yìí, ìwọ tí o ń ka ìwé ìròyìn yìí lè mọ ọ̀kan nínú wọn ní òpópónà rẹ, tí a kò rí níta mọ́ láti ìgbà díẹ̀. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí i, jókòó tì í, kí o sì bi í bóyá yóò gbà kí a gbá bọ́ọ̀lù kan fún òun.