Ta Ló Ní Jàǹbá Lásán Ni?

"Ẹni tó bá kú lẹ́nu ẹ̀kọ́ bàlúù kò kú sógun, jàǹbá lásán ló pa á." Ọ̀gbẹ́ni kan ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìnáwó òkú kan n'Ílobùú, ìlú wa ní Ọ̀ṣun, tó ń fi igi tayín, tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ bí ẹni tó ti dájọ́ tán. Irọ́ ni. Mo tún un sọ: irọ́ ni. Ogun ló pa wọ́n.

Ṣé ẹ gbọ́ ti Peter Adéníyì Thomas, ará Èkó? Kí ogun Hitler tó dé, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ òyìnbó pọ́ńbélé kò lè di ọ̀gá láàárín àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1939, wọ́n yára ká òfin náà kò. Lọ́dún 1942, Thomas di ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀gá awakọ̀ òfuurufú lọ́dọ̀ wọn. Ní January 1945, bàlúù já, ó sì kú. Ìbọn Jámánì kọ́ ló já a. Ṣé ká wá to orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí ọ̀kadà gbá?

Nínú àwọn tó ń fi bàlúù ju bọ́ǹbù fún Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní 55,000 tó kú. Ó lé ní 8,000 nínú wọn tí kì í ṣe ọ̀tá ló pa wọ́n; ẹnu ẹ̀kọ́ àti jàǹbá ló mú wọn lọ. Ogun ń kánjú, bàlúù tó ti gbó ni wọ́n ń kó fún àwọn ọmọdé, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lóru. Nínú ìkùukùu, bàlúù á ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara á ní ó dúró ṣánṣán. Aago kéékèèké iwájú awakọ̀ nìkan ló ń sòótọ́, ọmọ ogún ọdún sì gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni wa yìí ńkọ́? Kùrukùru ọyẹ́ lásán ló mú un wa ọkọ̀ wọ gọ́tà n'Ífọ́n, lójú ọ̀sán!

Òun náà ló ń pariwo kiri ọjà ní September 1992 pé Èjìgbò tiwa níbí ni bàlúù ológun Hercules já sí. Èjìgbò Èkó ni! Ó lé ní 150 èèyàn tó bá a lọ, ọ̀gá ọmọ ogun ló pọ̀ jù nínú wọn. Àǹtí mi tó lọ́mọ l'Éjìgbò tibí dákú lọ́jọ́ náà. Títí dòní, ọ̀gbẹ́ni náà kò tọrọ àforíjì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwa àti Ifọ́n, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé fún wa pẹ̀lú Ẹrin Ọ̀ṣun lọ́dún 2025, ẹnu rẹ̀ kún nígbà tó ń pè é ní ogun. Ìjà ààlà di ogun. Àwọn awakọ̀ méjì tí bàlúù ìkọ́ṣẹ́ Super Mushshak já pa ní Kàdúná ní April 19, 2022, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Boko Haram jà, wọ́n di jàǹbá!

Àwọn tó ń tọ́jú sàréè ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kì í bi òkú bó ṣe kú. Ẹni tí ìbọn bà àti ẹni tó já lẹ́nu ẹ̀kọ́, òkúta kan náà ni wọ́n rì sórí wọn.