Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Àríyànjiyàn kan gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Àrìgbó: ǹjẹ́ ó yẹ kí a fi owó kún owó ọkọ̀ asáré nítorí «torque vectoring»?

Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ọ̀nà tí táyà òde ń rìn gùn ju ti inú lọ. Ẹ̀rọ yìí a máa fi agbára ẹ́ńjìnnì kún ti òde, kí ọkọ̀ lè yí bí awakọ̀ ti fẹ́. Ó wà nínú Lancer Evolution IV ti Mitsubishi láti ọdún 1996. Oríṣi mìíràn, tí owó rẹ̀ kéré, bíréèkì ló fi ń dá táyà inú dúró díẹ̀. Lórí pápá eré ìje, ti àkọ́kọ́ tó owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n méjèèjì kò lè mú kí táyà tó ti dán di ilẹ̀ mú. Ní oríta Ìdáàṣà, níbi tí ọ̀nà Parakou àti ti Savalou ti pínyà, akẹ́rù, zémìjàn àti ẹlẹ́sẹ̀ ló ń pàdé. Níbẹ̀, táyà tuntun, bíréèkì tó múná àti sùúrù ni a kọ́kọ́ ń rà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ wá ra ìyókù.