Ẹ MÁ FI "Ó KÙ DÍẸ̀" PAMỌ́ MỌ́ O

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò,

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ kan ń da epo bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Iná sọ. Wọ́n fi yanrìn pa á. Gbogbo èèyàn ní "Ọlọ́run ṣeun", wọ́n pín biskíìtì, ó tán. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún ẹgbẹ́. Inú ọkọ̀ ni èmi akọ̀wé ti gbọ́.

Kí ló dé tí wọn ò sọ? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: owó ìtanràn ni. Ẹni tó bá wá sọ pé iná fẹ́ẹ́ ṣẹ́ yọ ní ṣọ́ọ̀bù òun, àwa ìgbìmọ̀ la máa kọ́kọ́ bu owó lé e. Ta ló máa wá sọ? Àwa náà la kọ́ wọn ní ìpamọ́.

Àwọn kan ní tí a ò bá gba ìtanràn, àìbìkítà á pọ̀. Irọ́ ni jàre! Ìtanràn kì í pa iná, ẹnu ló ń pa mọ́.

Òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Heinrich, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1931 pé kí ẹnì kan tó fara pa gidi níbi iṣẹ́, irú rẹ̀ á ti ṣẹlẹ̀ nígbà 300 tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ká tiẹ̀ fi iye sílẹ̀, àwa náà mọ̀ pé wáyà tó jó ọjà lónìí ti ń ṣáná tipẹ́.

Ẹ rántí Abúlé-Adó níbí, ọjọ́ Sunday 15 March 2020. Ilé wó, èèyàn tó kú lé ní 20. Tó bá ti dà báyẹn, kí lẹ fẹ́ sọ mọ́?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ, kó má san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fi pamọ́ ni kó san. Gáàsì tó ń rùn, wáyà tó ń ṣáná, mọ́tò tí búréèkì rẹ̀ já lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, ẹ wá sọ, màá kọ ọ́ sínú ìwé, mi ò ní ka orúkọ yín nípàdé. Kí ẹgbẹ́ sì tún un ṣe lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Tí iná bá ti ń jó, ẹ pe 767 tàbí 112.

Iná èsìsì kì í jó ni lẹ́ẹ̀mejì. Nípàdé tó ń bọ̀, ẹ nawọ́ sókè fún un.

Ọjà á tà o.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́