Egbò Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Sá Sóòrùn

Ẹ̀yin òbí wa ní Adéwọlé, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì, ẹ̀yin gan-an ni mo kọ ìwé yìí sí. Ohun tí a gbà káàkiri Ìlọrin ni pé bí èèyàn bá fara gbọgbẹ́, kó ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kó gbẹ, kí èépá bò ó. Ẹni tó bá di ọgbẹ́ tirẹ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ kó kẹ̀ ni. Irọ́ ni. Irọ́ náà ń fi àpá sára àwọn ọmọ wa, ó sì ń fi ìrora kún ìrora wọn.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ tí sálẹ́ńsà ọ̀kadà jó. Lọ́jọ́ kìíní, awọ bó, abẹ́ rẹ̀ pupa, omi tó mọ́ gaara ń sun jáde. Wọ́n á da sípírítì sí i, ọmọ á figbe ta. Wọ́n á tú kápúsù onípupa-àti-yẹ́lò, wọ́n á wọ́n ẹ̀tù inú rẹ̀ sójú ibẹ̀. Tó bá wá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ojú ọgbẹ́ ti gan paali. Ọmọ náà na ẹsẹ̀, ojú ọgbẹ́ sán, ẹ̀jẹ̀ jáde. Inú ìyá sì ń dùn pé ó ti ń gbẹ.

Omi tó mọ́ tí wọ́n ń nù dànù yẹn kì í ṣe ọyún. Inú rẹ̀ ni èròjà tí ara fi ń tún ara ṣe wà. Etí ọgbẹ́ àti ìdí irun ni awọ tuntun ti ń hù: àwọn sẹ́ẹ̀lì á máa rákò títí wọn ó fi pàdé láàárín, ibi tó bá sì rin nìkan ni wọ́n ń rí rákò gbà. Bí ojú ọgbẹ́ bá gbẹ, àwọn tó wà lókè á kú, àwọn tó kù á máa forí gba abẹ́ èépá kiri, wọ́n á máa wá ibi tí ọ̀rinrin kù sí. Sípírítì pàápàá kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì ọmọ yín. Àtèyí àtọ̀hún ló ń pa.

Lọ́dún 1962, olùwádìí kan, George Winter, dá ọgbẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹlẹ́dẹ̀ lára ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi ọ̀rá bo àwọn kan, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Èyí tó bò fi nǹkan bí ìlọ́po méjì yára hu awọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olùwádìí mìíràn, Hinman àti Maibach, rí ohun tó jọ ọ́ lára èèyàn.

Àmọ́ ẹ̀rí tó wú mi lórí jù ni ti jẹ́ẹ̀lì. Ẹ tú ẹ̀kọ tútù nínú ewé: omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó dúró, nítorí àwọn fọ́nrán tó wà nínú ògì ti hun mọ́ra, wọ́n sì di omi náà mú. Bí pólímà, ìyẹn irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀, ṣe ń di jẹ́ẹ̀lì gan-an nìyẹn. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, Otto Wichterle àti Drahoslav Lím, ṣe èyí tí ara kì í kọ̀ ní Prague, wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1960. Ibẹ̀ ni awò rírọ̀ tí à ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú ti wá. Lọ́dún 1980, àwọn olùwádìí mìíràn, Franklin Lim àti Anthony Sun, mú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì, wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì álígínéètì, tí à ń rí nínú ewéko òkun, bò wọ́n yíká, wọ́n gbé wọn sínú eku tó ní àtọ̀gbẹ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ṣúgà ara àwọn eku náà wálẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ ń gba inú jẹ́ẹ̀lì wọlé, ínsúlínì ń gbabẹ̀ jáde, àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń gbógun ti àjèjì kò ráyè wọlé. Ta ló tún kù tó máa sọ pé bíbò ń pa ohun alààyè? Álígínéètì yìí kan náà ni wọ́n fi ń di egbò ní ilé ìwòsàn lónìí.

Àwọn àgbà kò ṣàdédé sọ ọ̀rọ̀ gbígbẹ o. Wọ́n rí egbò tó kẹ̀ lábẹ́ àkísà àti ìgbẹ́ màlúù. Ìdọ̀tí ló ṣe é. Ọ̀rinrin sì yàtọ̀ sí kí egbò máa rẹ sínú omi: bí awọ etí ọgbẹ́ bá ti funfun tó sì rọ̀, omi ti pọ̀ jù, ẹ pààrọ̀ ohun tí ẹ fi bò ó.

Ní Iléṣà nílé wa níhìn-ín, àwọn dókítà kan gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2005 lórí ọmọ 32 tí wọ́n la eéwo inú ẹran ara fún. Wọ́n fi oyin di ti àwọn kan, wọ́n fi Eusol, omi oníkiloríìnì tí ilé ìwòsàn wa fẹ́ràn, di ti àwọn yòókù. Ti oyin ló yá jinná. Oyin kì í jẹ́ kí ojú egbò gbẹ. Kì í ṣe oyin ẹ̀bá títì tí wọ́n ti lú ní ṣúgà ni mo ń wí.

Wọ́n á ní jẹ́ẹ̀lì wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Fasilíìnì àti gọ́ọ̀sì mímọ́ kò wọ́n, wọ́n sì tó fún ọgbẹ́ kékeré. Bí sálẹ́ńsà bá jó ọmọ, ẹ fi ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ fi Fasilíìnì pa á, ẹ fi gọ́ọ̀sì bò ó, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ibi tó jó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, tàbí ó ń rùn, tàbí ajá ló bù ú jẹ, tàbí ìṣó ló gún un, tàbí alátọ̀gbẹ ló fara gbọgbẹ́ lẹ́sẹ̀, kò sí jẹ́ẹ̀lì tàbí oyin tó lè rọ́pò abẹ́rẹ́ àti dókítà: ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.