Ṣé ó ti dákẹ́ ni, àbí ara rẹ̀ ti yá?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o 🧵

Ní Ìbàràpá níbí, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, tí orí ọmọ kan bá dàrú, yálà ó mu ice ni o, yálà ó kàn ṣẹlẹ̀ sí i, ìbéèrè kan la máa ń bi àwọn ará ilé ẹ̀: "Ṣé ó ti dákẹ́?" Tí wọ́n bá ní ó ti dákẹ́, a ó dúpẹ́, a ó bá tiwa lọ. Ìbéèrè yẹn ò tó. Eku láàbù ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé.

Tí wọ́n bá fẹ́ dán oògùn àwọn tó ní bipolar wò, bíi lithium àti valproate, wọ́n á kọ́kọ́ fún eku ní amphetamine. Ìbátan ice gan-an nìyẹn. Eku á máa sá kiri inú àgò, kò ní sinmi. Iná tín-ín-rín wà lára àgò yẹn. Gbogbo ìgbà tí eku bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ á kà á. Wọ́n á wá fún eku ní lithium, wọ́n á tún kà. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye yẹn máa ń wálẹ̀.

Ó dùn létí, àbí? Ẹ dúró ná. Eku tí oorun ń kùn náà ò ní sáré. Eku tí oògùn ti fẹ́ pa náà ò ní sáré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún àwọn eku mìíràn, tí wọn ò mu amphetamine rárá, ní oògùn yẹn nìkan. Tí àwọn yẹn náà bá nà gbalaja sílẹ̀, a jẹ́ pé ṣe ni oògùn kàn so wọ́n lẹ́sẹ̀.

Àwa ò ní eku kejì nílé tí a lè fi wéra. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà ń mú èèyàn dákẹ́. Ebi náà ń mú èèyàn dákẹ́.

Ẹ má sì sọ pé ti òyìnbó nìkan ni mò ń sọ. Egbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè, ó ń ṣiṣẹ́; reserpine wà nínú ẹ̀. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aró, l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé lé e lórí ní 1960. Ṣùgbọ́n reserpine yìí náà ló ń mú eku dúró gbagidi, tí ipénpéju rẹ̀ á wálẹ̀, ó sì lè já ẹ̀jẹ̀ ríru èèyàn wálẹ̀ jù.

Lithium ńkọ́? Ní 1949, John Cade ní Ọsirélíà kọ̀wé pé àwọn ẹranko tí wọ́n ń pè ní guinea pig dákẹ́ nígbà tí òun fún wọn. Ó fún aláìsàn mẹ́wàá tí orí wọn gbóná, ara wọn balẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó fún tiẹ̀ kúrò ní ọsibítù, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lithium kan náà ló wá di májèlé sí i lára, ó kú ní 1950. Lónìí, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò kó má pọ̀ jù. Ẹni tó ń roko nínú oòrùn Ìbàràpá, tó ń làágùn, tí kò rí omi mu dáadáa, tiẹ̀ lè pọ̀ jù láìfi kún iye tó ń lò. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn lọ rà á ní kẹ́mísì fún àbúrò yín.

Bí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ béèrè: ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n? Ta ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò? Kí ẹ sì bi òun fúnra ẹ̀, kì í ṣe ìyá ẹ̀ nìkan.

Tí ẹnì kan bá wà nílé yín tó ń lo lithium, níbo lẹ ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún láti apá ibí? Ẹ sọ ọ́ kí ẹlòmíì lè rí i.