Ẹ Dá Iṣẹ́ Maami Padà Fún Wọn

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo ti bá ilé kan jà ní Èkó, ìjà náà kò sì tíì tán.

Alàdìrẹ ni ìyá mi, ní Ìtọ́kú, Abẹ́òkúta. Ó lé ní ogójì ọdún tí Maami fi ń fi ìko di aṣọ, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ láró. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, aládùúgbò ní àjẹ́ ni. Àjẹ́ kọ́ o! Àrùn ọpọlọ ni, dementia ni àwọn dókítà ń pè é. Láti 1992 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní àdúgbò Ìdikàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Maami sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí apá wa kò ká a mọ́, a gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Ilé náà mọ́ tónítóní. Oúnjẹ ń dé lásìkò. Ṣùgbọ́n kí ni Maami ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Ìjókòó! Àwọn nọ́ọ̀sì to àwọn arúgbó yí tẹlifíṣọ̀n ká bí ìgò ọtí tí a ti mu tán. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Maami á dìde, wọ́n á ní àwọn ń lọ ká aṣọ kí òjò tó dé. Nọ́ọ̀sì á ní, "Mama, ẹ jókòó." Maami á tún dìde. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé pé oníjàgídíjàgan ni wọ́n. Ìyá mi, tí kò bá oníbàárà jà rí!

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé aṣọ funfun àti ìko lọ. N kò sọ nǹkan kan, mo kàn kó o lé wọn lẹ́sẹ̀. Maami tí kò rántí orúkọ mi mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ! Aago mẹ́rin kọjá, wọn ò dìde. Wọ́n tiẹ̀ bojú wò mí: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní bá mi di etí aṣọ yìí mú ni?" Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí ọwọ́ ti fi ọdún púpọ̀ mọ̀ máa ń pẹ́ lára ju ọ̀rọ̀ àná lọ.

Nígbà tí mo padà lọ, ọ̀gá nọ́ọ̀sì ti kó ìko pamọ́. Ó ní àlejò á rò pé àwọn ń fi arúgbó ṣe lébìrà. Àbúrò mi náà gbè é lẹ́yìn: "Bùọ̀dá, Maami ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi." Ìsinmi wo? Ẹni tó ń sinmi kì í fẹ́ sá jáde!

Ọ̀gá tún ní kò sówó. Ní Weesp, nílẹ̀ Netherlands, láti 2009 ni àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Hogeweyk ti wà fún àwọn tó ní àrùn yìí. Wọ́n ń lọ ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá lè gé ẹ̀fọ́ ń bá wọn gé e. Owó ńlá ni wọ́n fi kọ́ ọ, n ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ irú ẹ̀ sí Èkó. Ṣùgbọ́n èló ni ìko? Ẹ̀wà tí wọ́n ń sè nílé náà, ta ló ń ṣà á? Tíṣà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó máa ń ka àga lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pe rẹ́jísítà. Kò sẹ́ni tó fún un ní ṣọ́ọ̀kì.

Ojú ewé mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù tí mo kọ lọ́jọ́ tí Maami wọlé. Wọ́n béèrè oògùn, wọ́n béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n béèrè ẹni tí yóò sanwó. Kò síbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Mò ń padà lọ ní Sátidé yìí. Ìko tuntun ti wà nínú báàgì mi, kí ọ̀gá nọ́ọ̀sì wá gbà á lọ́wọ́ Maami níṣojú mi.